Báwo ni a ṣe lè gbádùn ọpẹ́rà, ijó ballet àti orin ọkẹ́sítírà lókè òkun láìná owó rẹpẹtẹ?

Akọrin Òkè-Àdó (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ilé-iṣẹ́ mi ń rán mi lọ sí Vienna, olú-ìlú Ọ́stríà, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹfà. Láti ibẹ̀ ni n óò ti yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, tí n óò sì lo ìsinmi mi níbẹ̀ títí di ìparí oṣù Keje. Láti kékeré ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ohùn áàtò ni mo ń kọ, a sì máa ń kọ Messiah ti Handel nígbà Kérésìmesì. Síbẹ̀, n kò tíì wọ ilé ọpẹ́rà, níbi tí wọ́n ti ń fi orin kíkọ ṣe eré ìtàgé, rí.

Owó tí ilé-iṣẹ́ yọ̀ǹda fún jíjẹ àti mímu mi kò pọ̀, mo sì ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìjókòó tó dára nínú ilé ọpẹ́rà Vienna lè gbà ju igba yúrò lọ. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé, ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí ẹni bí èmi lè gbà wọlé kí n sì gbọ́ orin náà dáadáa, láìfi ebi pa ara mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ kí ó là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Aké (Vienna)

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ìlú tí ẹ ń bọ̀ yìí gan-an ló rọrùn jù lọ fún ohun tí ẹ ń wá, nítorí pé nínú Wiener Staatsoper, ilé ọpẹ́rà ìjọba tí wọ́n ṣí ní ọdún 1869, ààyè ìdúró tó lé ní irinwó ló wà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, yúrò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọ́n ti fi owó lé e, ó ti kọjá yúrò mẹ́wàá báyìí, àmọ́ kò tíì wọ ogún. Ẹni tó bá ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní àárín ìlú yìí yóò mọ̀ pé owó kékeré ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ààyè ìdúró náà sí: ti ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Parterre, ti Balkon, àti ti Galerie tó wà lókè téńté. Bí ẹ bá lè rí ti ìsàlẹ̀, ẹ tètè gbà á. Ẹ̀yìn àwọn ìjókòó olówó gọbọi ló wà, ní ọ̀kánkán ìtàgé gan-an, nítorí náà ohun tí ẹni tó san igba yúrò ń rí ni ẹ̀yin náà yóò máa rí. Ọjọ́ eré gan-an ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró, nítorí náà kí ẹ ti wo ojú-òpó ilé ọpẹ́rà náà láàárọ̀ kí ẹ lè mọ wákàtí tí wọn yóò ṣí títà rẹ̀.

Bí ẹ bá ti wọlé, ọ̀pá ìgbọ́wọ́lé ni ẹ óò rí níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ so ìborùn yín mọ́ ọn. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti so nǹkan mọ́ ọ̀pá ti ní ààyè tirẹ̀. Ó lè lọ mu omi, ó lè lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn títí eré yóò fi bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lára ọ̀pá yẹn kan náà ni ojú-ìwòran kékeré kan wà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí ọ̀rọ̀ orin yóò máa jáde lójú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ẹ sì lè yí i sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀. Inú àwọn tó ń lu ohun èlò nílé ọpẹ́rà yìí ni wọ́n ti ń yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Wiener Philharmoniker, ẹgbẹ́ ọkẹ́sítírà tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún. Apá tálákà kò ká tíkẹ́ẹ̀tì eré ọdún tuntun yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́wọ́ idán wọ̀nyẹn kan náà ni ẹ óò gbọ́ láti ìdí ọ̀pá yín.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ o. Ìparí oṣù Kẹfà ni ilé ọpẹ́rà náà máa ń tì fún ìsinmi, kì í sì í ṣí títí di oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ni kí ẹ lọ, ẹ má ṣe sún un síwájú.

Ọmọ Ọ̀ṣun (Òṣogbo)

Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ yín. Mo fẹ́ràn orin, mo sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń jọ mí lójú pé ọmọ Yorùbá tó ti náwó ìwé àṣẹ ìwọ̀lú àti ti ọkọ̀ òfuurufú yóò tún fi wákàtí mẹ́ta dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gbọ́ orin ní èdè Ítálì tí kò gbọ́, nígbà tí dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà nílé. Kí ni ẹ ń rí níbẹ̀? Tọkàntọkàn ni mo fi béèrè.

Atẹdùùrù (Abẹ́òkúta)

Ìbéèrè rẹ dára, ọmọ mi, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ìlú rẹ gan-an ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1964, Dúró Ládiípọ̀ kó àwọn òṣèré rẹ̀ láti Òṣogbo lọ sí Berlin, wọ́n sì ṣe Ọba Kò So níbẹ̀ níwájú àwọn ará Jámánì tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú oríkì Ṣàngó. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ bàtá, wọ́n wo bí ọba ṣe ń bọ̀ àti bí ó ṣe ń lọ, eré náà sì wọ̀ wọ́n lára. Lọ́dún kejì, ó gbé e lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá lè gbọ́ tiwa láìgbọ́ èdè wa, kí ni yóò dí wa lọ́wọ́ àtigbọ́ tiwọn?

Èkejì ni pé orin yìí kì í ṣe àjèjì pátápátá nílẹ̀ wa. Láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962 ni Thomas Ekundayo Phillips fi jẹ́ atẹdùùrù àgbà ní Cathedral Church of Christ, Marina, l'Ékòó. Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande, tí wọ́n bí ní ọdún 1905, ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé. Sowande lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn, níbi tí orin ilẹ̀ Áfíríkà àti ọgbọ́n ọkẹ́sítírà ti jọ ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ayo Bankole àti Akin Euba dé. Àwọn wọ̀nyí kò fi dùndún sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ kọ́ ti òyìnbó. Wọ́n kọ́ méjèèjì. Ọmọ tó bá dúró nídìí ọ̀pá ní Vienna ń gbọ́ ohun tí àwọn bàbá wa wọ̀nyí gbọ́, yóò sì tún padà gbọ́ iṣẹ́ wọn pẹ̀lú etí tó là sí i.

Ìwọ Akọrin, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o mú eré kan ṣoṣo, kí o sì gbọ́ ọ nílé kí o tó lọ. Ka ìtàn rẹ̀, kí o sì gbọ́ orin mẹ́rin tàbí márùn-ún tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ títí wọn yóò fi mọ́ ọ lára. La bohème, Carmen àti Tosca dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtàn wọn ń yára, orin wọn kì í sì í pẹ́ kí ó tó wọni lọ́kàn. Ọpẹ́rà tí Wagner ará Jámánì kọ pàápàá dùn, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn ń gba wákàtí márùn-ún, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìdúró bẹ̀rẹ̀ wọn.

Ọmọ Ọ̀ṣun (Òṣogbo)

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ohun tí ẹ sọ nípa Berlin wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ìkan sí i: báwo ni ilé ọpẹ́rà ṣe ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń rí owó san fún gbogbo olórin, oníjó àti àwọn tó ń ṣe ìtàgé?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kreuzberg (Berlin)

Owó ìlú ni wọ́n fi ń ṣe é. Kí Jámánì tó di orílẹ̀-èdè kan ní ọdún 1871, ọ̀pọ̀ ọba àti ìjòyè ló pín ilẹ̀ náà mọ́wọ́, oníkálùkù wọn sì fẹ́ ní ilé eré àti ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ láàfin. Nígbà tí àwọn ọba wọ̀nyẹn kúrò lórí oyè ní ọdún 1918, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìlú ló gba àwọn ilé náà, owó orí ni wọ́n sì fi ń gbé wọn ró títí di òní. Ìdí nìyẹn tí ilé ọpẹ́rà fi wà ní àwọn ìlú tí kò tó Ògbómọ̀ṣọ́, tí Berlin nìkan sì fi ní mẹ́ta: Deutsche Oper, Staatsoper Unter den Linden àti Komische Oper. Ìdá kékeré ni owó tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ná. Bí Ọ́stríà ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń gba ìlú wọn kọjá, tó sì yà wọlé, ń jẹ nínú ohun tí aráàlú ti san owó rẹ̀ sílẹ̀, inú àwọn onílé sì máa ń dùn sí i.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá dé Berlin láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹfà, kí ó lọ sí Philharmonie, ilé orin ńlá kan níbẹ̀, ní aago kan ọ̀sán Ọjọ́rú. Ọ̀fẹ́ ni eré ọ̀sán yẹn, gbàgede àbáwọlé ni wọ́n sì ti ń ṣe é, kì í ṣe inú gbọ̀ngàn ńlá. Àwọn ènìyàn a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn a gun orí àtẹ̀gùn, àgbàlagbà a jókòó ti ọmọdé, tòun ti búrẹ́dì tí wọ́n mú lọ́wọ́. Bí sẹ́lò bá ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu, débi pé ẹ óò gbọ́ bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ṣe ń mí. Kò sí ẹni tí yóò béèrè irú aṣọ tí ẹ wọ̀.

Irú rẹ̀ wà ní Concertgebouw ní Amsterdam, ilé orin tí wọ́n ṣí ní ọdún 1888, níbi tí eré ọ̀fẹ́ ti máa ń wà ní ọ̀sán Ọjọ́rú ní àkókò eré wọn. Ọ̀pọ̀ wa ni ọkọ̀ òfuurufú ń gbé gba Amsterdam kọjá, nítorí náà ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú tó sì ní ìdúró ọjọ́ kan níbẹ̀ lè fi í sọ́kàn.

Nítorí Bàbá Atẹdùùrù ni mo ṣe fẹ́ fi èyí kún un: ní Leipzig, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Thomaskirche tí Bach ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1723 títí ó fi kú ní ọdún 1750, ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ ṣì ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn bá wà ní sáà. Yúrò díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni ibojì Bach wà.

Atẹdùùrù (Abẹ́òkúta)

Ọlọ́run yóò bù kún ọ, ọmọ mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Akọrin, àkókò tí ẹ ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa dára púpọ̀, nítorí pé àárín oṣù Keje ni Proms, ọ̀wọ́ eré ọkẹ́sítírà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, máa ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Robert Newman ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1895 ní Queen's Hall, tí Henry Wood sì jẹ́ adarí ọkẹ́sítírà, nítorí kí àwọn mẹ̀kúnnù lè máa gbọ́ orin tó jinlẹ̀ ní owó tí wọ́n lè san. Bọ́ǹbù ogun ba Queen's Hall jẹ́ ní ọdún 1941, wọ́n sì kó eré náà lọ sí Royal Albert Hall, níbi tó wà títí di òní.

Ní ibẹ̀, àwọn tó dúró ló súnmọ́ ìtàgé jù. Gbogbo ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà níwájú ọkẹ́sítírà jẹ́ ti àwọn onídùúró, pọ́n-ùn mẹ́jọ ni wọ́n sì ń gbà ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ọjọ́ eré ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró níbí náà. Bí ẹ bá tètè dé, iwájú pátápátá ni ẹ óò wà, ẹ óò rí bí adarí ṣe ń fi ojú bá olórí onífáólìnì sọ̀rọ̀, ẹ óò sì rí lẹ́búlẹ́bú oje igi tó ń fò kúrò lára ọ̀pá fáólìnì bí wọ́n bá ń fà á kíkankíkan. Èmi a máa lọ tààrà láti ibi iṣẹ́, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀, n kò sì rí ẹni tó wò mí ní àwòtúnwò rí. Ẹ wo ètò wọn bóyá Chineke! wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọkẹ́sítírà tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn olórin rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kì í ṣe funfun ni. Chi-chi Nwanoku, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2015, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣeré ní Proms ní ọdún 2017.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ má pàdánù rárá ni ìsìn ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń pè ní Evensong ní Westminster Abbey àti St Paul's. Owó gidi ni àlejò ń san láti wo inú Westminster Abbey lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá fún ìsìn kì í san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ Magnificat àti Nunc Dimittis nínú ìjọ yóò mọ ibi tí wọ́n dé gẹ́ẹ́, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ akọrin tó ń ṣe é lójoojúmọ́ lè fi wọ́n ṣe.

Ọpẹ́rà náà kò jìnnà sí yín níbí. Royal Opera House tó wà ní Covent Garden máa ń tú àwọn tíkẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, fún àwọn eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì tún ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ àti ààyè ìdúró tí owó wọn kéré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Royal Academy of Music àti Royal College of Music ń ṣe eré ọ̀fẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní sáà ẹ̀kọ́, àwọn kan lára wọn ni a óò sì máa sanwó gidi láti gbọ́ ní ọjọ́ iwájú.

Ará Bronx (New York)

Kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa ní ṣókí fún àwọn tó bá ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà. Níbí, ọwọ́ ìjọba kò sí nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn olówó ló ń dáwó, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì Metropolitan Opera wọ́n bí ẹ bá rà á lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà rà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ eré tí wọ́n ń tà ní dọ́là 25 lórí ojú-òpó wọn. Fún eré alẹ́ àárín ọ̀sẹ̀, aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí i. Ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lójú-òpó náà ṣáájú, ẹ fi àlàyé káàdì yín síbẹ̀, kí ẹ sì wà nídìí fóònù kí aago tó lù, nítorí pé wéré ló máa ń tán. Kì í ṣe ẹ̀yìn pátápátá ni ìjókòó náà máa ń wà. Èyí tí kò tíì rí oníbàárà ni wọ́n ń tà, ó sì lè jẹ́ iwájú.

Ní tòsí ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ Juilliard wà, níbi tí ọ̀pọ̀ eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́ ọ̀fẹ́. New York Philharmonic náà ti ń ṣeré ọ̀fẹ́ nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ọdún 1965. Ẹní lásán ni ẹ óò tẹ́ sórí koríko.

Akọrin Òkè-Àdó (Ìbàdàn)

N kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ń gbọ́ Tosca lálaalẹ́ báyìí bí Bàbá ṣe wí. Ìbéèrè méjì ló kù lọ́kàn mi. Èkíní, ṣé ìmọ̀ràn kan náà bá ijó ballet mu? Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a lọ wò ó pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Èkejì, irú aṣọ wo ni kí n dì, nítorí pé gbogbo àwòrán tí mo ń rí ni àwọn ọkùnrin ti wọ kóòtù dúdú, tí àwọn obìnrin sì wọ aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀?

Ẹsẹ̀ Ń Jó (Birmingham)

Ọ̀rọ̀ ballet yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ọpẹ́rà, ẹni tí òpó dí lójú ṣì ń gbọ́ gbogbo ohùn, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀gbẹ́ tó gé ìdajì ìtàgé kúrò lójú yín ti gba ìdajì ijó lọ́wọ́ yín. Bí owó bá kéré, ẹ má ṣe ra ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀. Àárín òkè ni kí ẹ rà, ibi tó ga jù tó sì jìnnà jù pàápàá. Láti òkè ni ẹ óò ti rí bí àwọn oníjó ogún tàbí ọgbọ̀n ṣe ń tò, tí wọ́n ń pín, tí wọ́n sì tún ń para pọ̀. Ẹni tó jókòó ní ìsàlẹ̀ kì í rí èyí dáadáa. Ojú àwọn oníjó nìkan ni ẹ kò ní rí tó bó ṣe yẹ, nítorí náà bí ẹ bá lè yá awò kékeré kan mú dání, yóò dára.

Ẹ̀gbọ́n yín yóò ti gbọ́ orúkọ Carlos Acosta. Ọmọ Havana ni, awakọ̀ ẹrù ni bàbá rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Cuba tí Alicia Alonso ti dá ẹgbẹ́ ballet tó di ti gbogbo ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1948, tí ọmọ tálákà sì lè kọ́ ijó náà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ó jó fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Royal Ballet, àti láti ọdún 2020 òun ni olùdarí Birmingham Royal Ballet níbí. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé àwọn ìyá kan nínú ìjọ wa máa ń sọ pé ijó yìí kò ṣe fún ọmọ aláwọ̀ dúdú, ó sì ń dùn mí dọ́kàn, nítorí pé ọmọ wọn obìnrin ń gbọ́ ọ. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ. Ìjókòó òkè kì í wọ́n, ọmọ tó bá sì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó fò sókè lórí ìtàgé kò tún ní gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Aké (Vienna)

Ní ti aṣọ, àwòrán tí ẹ ń rí, ti ijó àríyá ọlọ́dọọdún wọn tàbí ti alẹ́ ìṣíde ni. Ní ọjọ́ lásán, aṣọ tó mọ́ tó sì bójú mu ti tó. Ìró àti bùbá àǹkárá yín yóò ṣe rẹ́gí, àwọn ará ibẹ̀ yóò sì yẹ́ yín sí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ má ṣe wé gèlè gíga wọ ibi ìdúró, nítorí pé yóò dí ẹni tó wà lẹ́yìn yín lójú, ẹ kúkú fi í so mọ́ ọ̀pá. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ óò fi kóòtù àti báàgì ńlá sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń gba ẹrù, nítorí pé wọn kì í gbà kí a kó wọn wọlé.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọkùnrin tó ń dúró ní àyíká ilé ọpẹ́rà náà, tí wọ́n wọ irun àtọwọ́dá funfun àti aṣọ ayé Mozart. Eré tí wọ́n dìídì ṣètò fún àlejò ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kì í ṣe ti Staatsoper, owó rẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ti ìdúró lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi àwòrán ilé ọpẹ́rà hàn yín, ẹ kí wọn, kí ẹ sì kọjá.

Níwọ̀n bí ẹ ti jẹ́ akọrin ìjọ, ọjọ́ Ìsinmi yín ní Vienna kò gbọdọ̀ lọ lásán. Ní Augustinerkirche, ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n máa ń fi Máàsì tí Haydn, Mozart tàbí Schubert kọ ṣe ìsìn pẹ̀lú ọkẹ́sítírà àti ẹgbẹ́ akọrin, ìsìn gidi ni, owó ọrẹ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ní Hofburgkapelle, ṣọ́ọ̀ṣì inú ààfin àtijọ́, ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọkùnrin Wiener Sängerknaben ń kọrin ní ìsìn òwúrọ̀ títí di ìparí oṣù Kẹfà. Ìjókòó níbẹ̀ jẹ́ ti owó, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ìdúró.

Lẹ́yìn tí ilé ọpẹ́rà bá tì, ẹ lọ sí iwájú gbọ̀ngàn ìlú, ní Rathausplatz. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni wọ́n máa ń fi ojú-ìwòran ńlá gbé ọpẹ́rà, ballet àti eré ọkẹ́sítírà jáde lálaalẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Akọrin Òkè-Àdó (Ìbàdàn)

Mo ti wo ètò wọn. Tosca wà ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí n óò dé, òun ni n óò dúró wò. N óò lọ sí Augustinerkirche ní ọjọ́ Ìsinmi, n óò sì wá alẹ́ kan fún Rathausplatz. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yóò ra àárín òkè fún ballet, a óò sì lọ dúró ní Proms ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó owó ìjókòó kan ṣoṣo tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà wo ni kí n pàtẹ́wọ́?

Ọmọ Aké (Vienna)

Ti Tosca yẹn, ẹ ti mú èyí tó dára. Ìgbékalẹ̀ kan náà tí Margarethe Wallmann ṣe ní ọdún 1958 ni wọ́n ṣì ń lò, tòun ti ṣọ́ọ̀ṣì inú ìpele àkọ́kọ́ àti gbogbo àwọn akọrin tó ń wọ inú rẹ̀ bí orin ìyìn Te Deum ṣe ń dún. Ẹ pàtẹ́wọ́ nígbà tí olórin bá parí orin àdákọ ńlá kan tí àwọn tó yí yín ká sì bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí aṣọ ìtàgé bá wálẹ̀. Ní ti eré ọkẹ́sítírà, bí ti Proms, ẹ dúró títí gbogbo apá orin náà yóò fi parí, tí adarí yóò sì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Pípadà yín pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kò ní ṣòro: Karlsplatz ni ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ilé ọpẹ́rà náà jù, ọkọ̀ sì ń lọ títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ó dé ránṣẹ́ sí mi, n óò pàdé yín lórí ìlà àwọn tó fẹ́ wọ ibi ìdúró.